Ọ̀nà Àbáwọlé Wa ní Kumasi

Òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Òwe yìí ni àwọn baba wa fi ń kọ́ wa pé ohun kan wà ní ayé tí kì í ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Kumasi, mo ti rí i pé òwe náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Òjò kì í ṣe ojúsàájú nígbà tí ó bá ń bọ̀ láti òkè. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan ilẹ̀ tán, àwa ènìyàn ni à ń darí rẹ̀, àwa ni a sì ń pinnu ilé ẹni tí yóò wọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ, ẹ̀yin tí ẹ ti oríṣiríṣi ilẹ̀ wá, nípa ọ̀nà kékeré kan tí a ṣe láti ẹnu géètì dé ìdí ilé wa.

Kumasi kì í ṣe ìlú pẹrẹsẹ. Orí àwọn òkè kéékèèké ni ó wà, àfonífojì sì wà láàrin òkè kan àti èkejì, níbi tí àwọn odò bí Subin, Aboabo, Sisa àti Wiwi ti ń ṣàn. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan tó nǹkan bí mílímítà 1,400, ó sì máa ń le jù ní ẹ̀ẹ̀mejì: ní nǹkan bí oṣù kẹfà, àti ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí igi àti koríko ṣì pọ̀, tí àwọn ènìyàn ń pe Kumasi ní Ìlú Ọgbà, ilẹ̀ ni ó ń mu èyí tí ó pọ̀ nínú omi yìí. Lónìí, páànù àti sìmẹ́ńtì ti gba ipò koríko. Omi kò dín kù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí yóò mu ún ti dín kù.

Ẹ̀gbẹ́ òkè kan báyìí ni ilé wa wà, ní agbègbè Asawase. Bàbá mi, ẹni tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò aṣọ ní Kumasi, ni ó kọ́ ọ. Gígùn ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀ jẹ́ mítà 14, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 3. Ilẹ̀ pupa lásán ni. Lọ́dọọdún ni a ń ra òkúta wẹ́wẹ́ ọkọ̀ kan dà sí i, lọ́dọọdún ni òjò sì ń kó o lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ibi tí ó ń kó o lọ, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro: ìdí ògiri Nana ni.

Nana ni aládùúgbò wa ní ìsàlẹ̀. Ìyá àgbà, ọmọ Asante ni. Kò bá wa tan, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fi ń pe àgbàlagbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ní ilẹ̀ náà ni gbogbo wa fi ń pè é. Ògiri ẹ̀yìn ilé rẹ̀ jẹ́ ògiri amọ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní atakpame ní Ghana, nítorí pé àwọn ọmọ ìlú Atakpamé ní Togo ni a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Amọ̀ tí a pò ni, tí a sì mọ ní ìpele-ìpele láìlo búlọ́ọ̀kù. Bí orí irú ògiri bẹ́ẹ̀ bá gbẹ, tí ìdí rẹ̀ sì gbẹ, ó lè pẹ́ láyé ju ẹni tí ó mọ ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń lá ìdí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ọjọ́ tí yóò wó kò jìnnà.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ògiri yìí fi ká mi lára, mo ní láti sọ ìtàn kan ní ṣókí. Ní 18 November 1969, àṣẹ kan jáde ní Ghana pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kúrò ní ìlú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá ni ó di ẹrù wọn. Ní January 1983, Nàìjíríà náà pa irú àṣẹ kan náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ghana sì di ẹrù tiwọn. Nítorí náà kò sí èyí tí ó lè dá èkejì lẹ́jọ́ nínú ilẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí bàbá mi ń lọ ní 1969, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà. Nana, tí ó ṣì jẹ́ ìyàwó ọ̀dọ́ nígbà náà, ni bàbá mi fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé lọ́wọ́. Ó fi ayálégbé sínú ilé náà, ó sì ń kọ owó wọn sílẹ̀ lóṣooṣù. Nígbà tí bàbá mi padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ilé wà, ìwé àkọsílẹ̀ wà, owó sì pé. Ṣé ẹni tí ó ṣe irú èyí fún wa ni ó yẹ kí omi ilé wa máa wó ògiri mọ́ lórí?

Nígbà tí mo pinnu láti tún ọ̀nà náà ṣe, mo pe ọ̀gá bíríkìlà kan, ọmọ Atakpamé gan-an. Èdè Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ jẹ́ ìbátan Yorùbá, nítorí náà a ń gbọ́ ara wa, àfi ọ̀rọ̀ díẹ̀ díẹ̀. Ó wo ilẹ̀ náà lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí a da kọnkéré sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni.”

“Omi ńkọ́, Ọ̀gá?” ni mo bi í.

“Omi yóò ṣàn lọ kíá.”

“Yóò ṣàn lọ sí ibo?”

Ó yíjú sí ilé Nana, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Mítà 14 ní ìlọ́po mítà 3 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 42. Bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ ní ọ̀sán kan, èyí tí kì í ṣe ohun ìyanu ní Kumasi, omi tí yóò bọ́ sórí ọ̀nà yìí nìkan yóò jẹ́ lítà 2,100. Dọ́rọ́ọ̀mù kan ń gba nǹkan bí lítà 200. A jẹ́ pé dọ́rọ́ọ̀mù omi mẹ́wàá ààbọ̀ ni a ó máa dà sí ìdí ògiri amọ̀ ìyá arúgbó kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí a bá fi ọ̀dà títì rọ́pò kọnkéré, ọ̀rọ̀ kò yí padà. Bí a bá to búlọ́ọ̀kù tí a sì fi sìmẹ́ńtì dí àárín rẹ̀, bákan náà ni.

Àbúrò mi kan tí ń gbé ní Peckham, ní London, ni ó kọ̀wé sí mi nípa ọ̀nà mìíràn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, níhìn-ín wọ́n ń fi ohun kan tí ó dà bí oje igi lẹ òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ níwájú ilé. Ọkọ̀ ń gùn ún, kò ṣí kúrò. Bí ẹ bá sì da omi sí i, omi náà yóò wọlẹ̀ lójú yín.” Kì í ṣe nítorí ẹwà nìkan ni iṣẹ́ yìí fi gbilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní 2007, omíyalé ńlá ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1 October 2008, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ohun tí kò jẹ́ kí omi wọlẹ̀ bo iwájú ilé rẹ̀ ní England, tí ibẹ̀ sì ju mítà onígun mẹ́rin 5 lọ, tí omi rẹ̀ yóò máa ṣàn sí ojú títì, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tí ó bá lo ohun tí omi lè là kọjá kò nílò ìyọ̀ǹda náà. Òfin ni ó sọ ọ̀rọ̀ aládùúgbò di ọ̀ranyàn níbẹ̀.

Rẹ́sìn ni àwọn oníṣẹ́ ń pe ohun ìlẹ̀ náà. Kì í dí àlàfo tí ó wà láàrin òkúta. Ńṣe ni ó ń bo ara òkúta kọ̀ọ̀kan bí epo ti ń bo ẹ̀wà, tí ó sì ń lẹ̀ níbi tí òkúta kan bá ti fara kan èkejì. Àlàfo tí ó ṣẹ́kù ni omi ń gbà. Kí ẹ má ṣe ṣì í mọ́ irú kejì, èyí tí wọ́n ń da rẹ́sìn sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fọ́n òkúta lé e lórí. Irú èyí kì í jẹ́ kí omi wọlẹ̀ rárá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọgbọ́n àjèjì pátápátá ni kí a so ohun wẹ́wẹ́ pọ̀ di ilẹ̀ tí ó le. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàrin nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àwọn baba ńlá wa to àpáàdì ní ìnàró, wọ́n sì jẹ́ kí ó dábùú ara wọn bí egungun ẹja, nígbà mìíràn wọ́n ń fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sí àárín rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi iṣẹ́ náà sí orúkọ Lúwò, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni. Irú ilẹ̀ alápàáàdì bẹ́ẹ̀ wà ní Togo àti Benin pẹ̀lú. Ní àríwá Ghana ẹ̀wẹ̀, àwọn obìnrin máa ń lu ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́ títí yóò fi ki, wọn a sì wọ́n omi tí wọ́n fi se èèpo èso igi dawadawa sí i, èyíinì ni igi tí a ń fi hóró rẹ̀ ṣe irú. Omi èèpo náà ń so amọ̀ pọ̀, kì í sì jẹ́ kí òjò tètè wẹ̀ ẹ́ lọ. Bí a bá sọ pé rẹ́sìn ni, a kò jẹ̀bi. Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ti London ni pé ó ń so òkúta pọ̀ láìdí ọ̀nà omi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni pé ohun tí ojú ń rí kọ́ ni iṣẹ́. Mílímítà 18 péré ni òkè tí ó ń dán. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá lè gba omi, inú lásán ni owó rẹ́sìn wọ̀. Nítorí náà, ní oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, a gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn tó nǹkan bí mílímítà 370. A to búlọ́ọ̀kù sí etí rẹ̀ méjèèjì, a sì fi sìmẹ́ńtì dè é, kí àárín má bàa máa tú sí ẹ̀gbẹ́. A tẹ́ aṣọ líle oníhò wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, kí ẹrẹ̀ má bàa gòkè dí òkúta. Lẹ́yìn náà ni a kó òkúta ńláńlá tí kò ní ìyẹ̀fun láti Buoho, ní ọ̀nà Offinso, a sì tò ó ní ìnípọn mílímítà 250.

Nítorí pé ilẹ̀ náà dagun, omi inú òkúta ìbá sáré lọ kó ara jọ sí ìsàlẹ̀, nítòsí Nana. A fi ògiri kúkúrú mẹ́ta dábùú abẹ́ ọ̀nà náà, tí ó pín in bí àtẹ̀gùn, kí omi lè dúró ní ìpele-ìpele kí ilẹ̀ sì mu ún díẹ̀díẹ̀. Ní ìpẹ̀kun, a fi páìpù kan sí i tí yóò gbé àkúnwọ́sílẹ̀ lọ sí gọ́tà ìgboro. Ẹ tún wo ìṣirò rẹ̀: mítà onígun mẹ́rin 42 ní ìnípọn mílímítà 250 jẹ́ lítà 10,500. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá rẹ̀ bá jẹ́ àlàfo, ibẹ̀ lè gba lítà 3,150. Òjò ọ̀sán kan tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan kò lè kún un, bí àwọn ògiri abẹ́ ilẹ̀ náà bá dá a dúró dáadáa.

“Tíṣà,” ni ọ̀gá bíríkìlà wí, tí ó ń nu òógùn, “ẹ̀ ń sin owó yín sínú ilẹ̀.”

Mo ní, “Ọ̀gá, ìpìlẹ̀ ilé yín ńkọ́? Ṣé òkè ni ó wà?” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ṣọ́bìrì rẹ̀.

Lórí òkúta yìí ni a da kọnkéré tí kò ní yanrìn nínú: sìmẹ́ńtì òṣùwọ̀n kan sí òkúta òṣùwọ̀n márùn-ún, pẹ̀lú omi díẹ̀. Nígbà tí ó gbẹ, ó dà bí ẹ̀pà tí a fi ṣúgà lẹ̀ pọ̀, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní nkate cake ní Ghana. A fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ méje, a sì fi í sílẹ̀ títí tí oṣù kan fi kọjá, nítorí rẹ́sìn kò fẹ́ kí omi kankan kù nínú ohun tí a ó tẹ́ ẹ lé.

Oṣù kìíní, nínú ọyẹ́, ni a tẹ́ òkè. Fún ọjọ́ mẹ́ta ni a ti sá òkúta wẹ́wẹ́ náà sí oòrùn, tí a sì ń fi tapólì bò ó lóru nítorí ìrì. Ohun méjì ni a ń pò pọ̀ kí rẹ́sìn tó di rẹ́sìn. Láti ìgbà tí a bá ti pò wọ́n ni ó ti ń le, oòrùn a sì tún mú kí ó yára sí i. Nítorí náà a ta tapólì sókè bí àtíbàbà, a bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìrì ti gbẹ tán, a sì parí kí oòrùn tó mú. Òkúta kílógíráàmù 100 ni a ń pò mọ́ rẹ́sìn kílógíráàmù 7. Ìgbà mẹ́tàlá ni a pò ó, iye ìṣẹ́jú kan náà ni a sì ń pò ó ní ìgbà kọ̀ọ̀kan kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa yàtọ̀. Gbogbo wa wọ ìbọ̀wọ́, a sì bo imú. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń bá wa ṣiṣẹ́ lè mọ ìdí tí a fi ń sá fún omi, mo kán omi díẹ̀ sínú rẹ́sìn tí ó kù nínú agolo kan. Kò pẹ́ tí ó fi hó, tí ó sì wú sókè ní funfun bí ọṣẹ. Láti ìgbà náà ni ọ̀gá bíríkìlà kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ife omi súnmọ́ ibẹ̀.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ ní oṣù kẹta. Bí ó ti dá, Nana jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó rọra yí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ká. Ó wo ìdí ògiri, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀ ibẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó gbójú sókè sí mi.

“Me ba,” ni ó wí, èyíinì ni “ọmọ mi” ní èdè Twi, “omi yín dà lónìí?”

“Nana, ó wà nínú ilẹ̀ tiwa.”

Ó dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá rẹ ìbá kọ́kọ́ bi ọ́ ní iye tí o ná, kí ó tó yìn ọ́.”

Òtítọ́ ni Nana sọ, èmi náà kò sì ní fi òtítọ́ pamọ́ fún yín. Láti ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ́sìn yìí. Òkè òkun ni tiwa ti wá, owó rẹ̀ sì ga. Ó tún ní ìtọ́jú tirẹ̀. Eruku ọyẹ́ lè dí ihò rẹ̀, nítorí náà a ń gbá a nígbà gbogbo, a sì ń fi omi fọ̀ ọ́ gidigidi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kò yẹ kí ọkọ̀ ńlá akẹ́rù máa gùn ún. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lágbára rẹ́sìn kò ṣaláìní ọ̀nà. Kọnkéré tí kò ní yanrìn, tí a ṣe dáadáa sórí ìpìlẹ̀ òkúta, lè gbé ọkọ̀ kékeré láìní ohunkóhun lórí. Òkúta wẹ́wẹ́ lásán pàápàá, bí a bá fi etí líle dè é, tí a sì gbin koríko sí ibi tí ilẹ̀ ti dagun, sàn ju kí a fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo ọgbà lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ó di olùkọ́ ní Ghana, ní Togo, ní Benin, ní Nàìjíríà àti níbi gbogbo, a ó fi ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Àwọn òbí yóò dá owó jọ, ẹnìkan yóò sì dìde láàrin ìpàdé pé kí a fi kọnkéré bo ilẹ̀ nítorí ẹrẹ̀. Kí ẹ tó dáhùn, ẹ mú àwọn ọmọ kíláàsì yín jáde, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ọgbà náà, kí wọ́n ṣírò iye lítà tí òjò ọ̀sán kan yóò dà sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ da garawa omi kan sílẹ̀ níwájú wọn, kí ẹ sì jọ tẹ̀lé e títí dé ẹnu ọ̀nà ilé tí ó bá wọ̀. Ẹ kí onílé náà dáadáa kí ẹ tó padà, nítorí pé ó yẹ kí ẹ ti mọ orúkọ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.